Ìdérí ìgò, ojú irin àti owó oògùn: bí a ṣe kan wágọ́ọ̀nù kékeré l'Ẹ́dẹ

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú wa bẹ̀rẹ̀. Wágọ́ọ̀nù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí a tà, kò sí èyí tó lè dúró lórí irin nínú wọn. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ládùúgbò wa ló kọ́kọ́ rà á fún ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló gbé e padà wá. Kò pariwo rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ dùn wá ju ariwo lọ: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo mọ̀ pé iṣẹ́ àánú lẹ̀ ń ṣe. Àmọ́ nǹkan tí ẹ bá ní ó ń rìn, ó yẹ kó rìn.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Tí wọ́n bá fi àánú ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, tí kò bá ṣiṣẹ́, wọn ò ní rà á lẹ́ẹ̀kejì. Àwa sì nílò kí wọ́n rà á dáadáa, torí ọmọ mẹ́ta ló wà ládùúgbò wa tí wọ́n ní àìsàn sickle cell, èyí tí àwọn kan ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Oògùn wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan kó dá a dúró, owó ẹ̀ sì ti ń ju agbára àwọn òbí wọn lọ. Ìyẹn ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin fi sọ pé ká ṣe nǹkan tí a máa tà.

Wágọ́ọ̀nù, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ni ọkọ̀ ẹrù tí ẹ́ńjìnnì rélùwéè máa ń fà tẹ̀ lé ara lẹ́yìn. Tiwa ò ní ẹ́ńjìnnì. Okùn la so mọ́ ọn, ọmọdé á máa fà á lórí irin kékeré tí a fi oparun ṣe. Agolo mílíìkì, pákó tẹ́ẹ́rẹ́, sípóòkù kẹ̀kẹ́ àti ìdérí ìgò ni gbogbo ohun èlò wa. Kí ló wá dé tí kò fi dúró? Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn. Nígbà tí a máa fi rí ìdáhùn, a ti kọ́ físíìsì tí kíláàsì ò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wa, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara wa ṣe àwọn ọmọdé tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ní jàǹbá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ rélùwéè?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹdẹ, ẹ mọ̀ pé ìlú rélùwéè ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí ti Ìbàdàn ní 1901. Láti ibẹ̀ ló ti gba ọ̀nà ilẹ̀ Ọ̀ṣun, ó kọjá lọ́dọ̀ wa, ó forí lé Òṣogbo àti Ìlọrin, ó sì dé Jẹ́bbà létí odò Ọya ní 1909. Àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ kòkó àti ẹrù tí wọ́n ń kó sínú wágọ́ọ̀nù. Àwa ọmọ ìsìnyí náà rántí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá máa ń gbé láti Èkó wá sí Òṣogbo nígbà ọdún Iléyá àti Kérésì. Nítorí náà, bí o bá gbé wágọ́ọ̀nù kékeré sí iwájú ọmọ Ẹdẹ, àgbà ni o, ọmọdé ni o, ó ti mọ ohun tó ń wò.

Ìwọ̀n àkọ́kọ́: fífẹ̀ irin

Irin àtijọ́ tó gba Ẹdẹ kọjá, àyè tó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 1067. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe é ń fi ẹsẹ̀ àti íǹṣì wọn nǹkan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n pè é. A pinnu pé gbogbo nǹkan tiwa máa jẹ́ ìdá kan nínú 32 ti gidi. Ìyẹn ni pé ohun tó bá gùn ní mìlímítà 32 nínú ọkọ̀ gidi, mìlímítà kan ló máa jẹ́ nínú tiwa. Ẹ pín 1067 sí ọ̀nà 32, ẹ máa rí mìlímítà 33 àti díẹ̀. Fífẹ̀ irin wa nìyẹn. Wágọ́ọ̀nù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó bá gùn ní mítà 6.4 á wá di sẹ̀ǹtímítà 20, ó kéré ju rúlà ilé ìwé lọ.

Ẹnìkan bi wá pé ṣé a lè ṣe ọkọ̀ tuntun tó ń lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò fún owó ní 2021. A lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò ní gba orí irin wa. Irin tuntun yẹn fẹ̀ tó mìlímítà 1435. Tí ẹ bá pín in sí 32, ó sún mọ́ 45. Ohun kan náà tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé nìyẹn: wágọ́ọ̀nù irin àtijọ́ ò lè bọ́ sórí irin tuntun kó máa sáré lọ. Mìlímítà 12 péré ni ìyàtọ̀ ẹ̀ lórí tábìlì wa, àmọ́ lórí ilẹ̀, ó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ ìdérí ìgò

Ìdí tí a fi yan ìdá 32 ni pé ìdérí ìgò ọtí tàbí mínírà bá táyà wágọ́ọ̀nù mu ní ìwọ̀n yẹn. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ wò ó dáadáa. Orí ẹ̀ tẹ́jú, ó sì kéré. Ibi tó ní eyín ló fẹ̀ jù. Tí ẹ bá dùbúlẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ẹ máa rí i pé ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ láti orí wá sí etí. A fi sípóòkù gún méjì láàárín, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn pinpin kí méjèèjì lè máa yí pọ̀. Sípóòkù yẹn ń yí nínú ike bírò tó ti tán, ike bírò la sì lẹ̀ mọ́ ìdí wágọ́ọ̀nù.

Ibi tí a ti ṣì í rèé. A fẹ́ tà á níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, orúkọ ọtí sì wà lórí ọ̀pọ̀ ìdérí náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká kọ ojú orúkọ sínú, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó kéré wá wà nínú, ibi tó fẹ̀ wà níta. Wágọ́ọ̀nù yẹn ń lọ bó ṣe yẹ lójú ọ̀nà tó tọ́, àmọ́ bó bá ti kan kọ́nà báyìí, ó di ilẹ̀.

Ẹ rántí máàṣì nílé ìwé. Nígbà tí ìlà bá ń yí, ẹni tó wà níta á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré, ẹni inú á máa tẹ ẹsẹ̀ sójú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí irin. Ní kọ́nà, irin ìta gùn ju irin inú lọ. Tí ọkọ̀ gidi bá yí ìdá mẹ́rin òbíríkítí, bí ẹni tó kọjú sí àríwá tó wá kọjú sí ìlà oòrùn, irin ìta fi nǹkan bíi mítà 1.7 gùn ju ti inú lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bóyá kọ́nà náà ká ni o, bóyá ó lọ gbọọrọ ni o, iye kan náà ni, torí fífẹ̀ irin ló ń pinnu ẹ̀. Lórí tiwa, ó jẹ́ mìlímítà 52.

Mọ́tò ní dífírẹ́ńṣà tó ń jẹ́ kí táyà ìta yára ju ti inú lọ. Rélùwéè ò ní in. Táyà rẹ̀ méjèèjì wà lórí irin kan, ìgbà kan náà ni wọ́n ń yí. Báwo ló ṣe wá ń ṣe é? Gẹ̀ẹ́rẹ́ yẹn ni. Táyà rélùwéè kì í tẹ́ bí agolo, ó fẹ̀ díẹ̀ ní apá inú, ó kéré díẹ̀ ní apá ìta. Tí ọkọ̀ bá dé kọ́nà, ara rẹ̀ á sún sí ìta. Táyà ìta á wá máa fi ibi tó fẹ̀ rìn, táyà inú á máa fi ibi tó kéré rìn. Bí méjèèjì bá yí lẹ́ẹ̀kan, ti ìta á ti rin ìrìn tó pọ̀ jù, ọkọ̀ á sì yí ara ẹ̀ bọ́ sọ́nà. Kò sí dírẹ́bà tó ń yí sítíárìn. Etí tó yọ jáde nínú táyà kàn wà bí ìdènà ni, tí nǹkan bá le jù.

Àwa ti gbé e dojú rú. Nígbà tí tiwa sún sí ìta, ibi tó kéré ló bọ́ sórí irin ìta, ó wá túbọ̀ ń tì í síta. Bí a ṣe yí ìdérí padà, tí ojú orúkọ kọjú síta, ó dúró. A fi ìwé yanrìn ha orúkọ náà kúrò. Ọ̀rọ̀ ìtìjú parí, ọ̀rọ̀ físíìsì náà parí.

Ẹ lè dán an wò nílé láì ná kọ́bọ̀. Ẹ mú kọ́ọ̀pù páálí méjì, ẹ kọ ẹnu wọn sí ara wọn, ẹ fi sẹ́lótéèpù so wọ́n. Ẹ tẹ́ igi gígùn méjì sílẹ̀ bí ojú irin, kó dà díẹ̀, kí ẹ yí kọ́ọ̀pù náà lé e. Á máa mi díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò ní já bọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìdí sí ìdí dípò ẹnu sí ẹnu, ẹ tún yí i. Kò ní pẹ́ tí á fi ṣubú.

Ìwọ̀n kejì: ìwúwo kì í súnkì bí gígùn

A ti rò pé ó parí. Àmọ́ táyà tó dára kò tó, wágọ́ọ̀nù náà ṣì ń fò bọ́ sílẹ̀ tí ọmọdé bá fà á kíákíá. Ó fúyẹ́ jù.

Ẹ mú kóró Maggi kan. Ẹ fẹ́ kọ́ èyí tó gùn ní ìlọ́po méjì, tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tó sì ga ní ìlọ́po méjì. Kóró mélòó lẹ máa tò? Kì í ṣe méjì, mẹ́jọ ni, torí méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì ni. Tí a bá sì ń lọ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tí a sọ gígùn di ìdá kan nínú 32, ìwúwo di ìdá kan nínú 32 lọ́nà 32 lọ́nà 32, ìyẹn 32,768. Ká ní wágọ́ọ̀nù gidi kan wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lófìfo, èyí tó bá a mu lórí tábìlì wa yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 305. A gbé tiwa lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná: gíráàmù 90.

Bẹ́ẹ̀ iyanrìn ò bá wa súnkì. Iyanrìn kan tó ga ní mìlímítà kan lórí irin wa dà bí òkúta tó ga ní mìlímítà 32 lórí irin gidi. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ á fò lé e, kò ní padà sórí irin. Èyí tó wúwo á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Ibi tí ìwúwo náà wà tún ṣe pàtàkì. Gbogbo wa la ti rí tírélà tí wọ́n to ẹrù sí gòǹgò orí ẹ̀, tí kọ́nà wá gbé e ṣubú. Ìdí wágọ́ọ̀nù ló yẹ kí ìwúwo wà, kì í ṣe òkè.

Nítorí náà, a nílò ohun kékeré tó wúwo, nǹkan bíi gíráàmù 215 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Òjé

Bàbá fọkanáísà tó wà ní kọ́nà àdúgbò wa gbọ́ ohun tí a ń wá. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ṣé nǹkan tó wúwo lẹ̀ ń wá? Ẹ wá kó èyí.” Ó fún wa ní ọ̀rá kan tó kún fún àwọn kékeré tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́tò kó má bàa gbọ̀n. Òjé ni. Ó rọ̀, ọ̀bẹ lè gé e. Ó wúwo ju irin lọ: kúùbù sẹ̀ǹtímítà kan rẹ̀ wúwo ní gíráàmù 11.3, ti irin ò ju 7.9 lọ. Ọ̀fẹ́ sì tún ni. A dúpẹ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Ọwọ́ mi ti dúdú kí n tó rántí Zamfara.

Ní 2010, ní àwọn abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn èèyàn ń lọ òkúta tí wọ́n ń wa jáde kí wọ́n lè yọ wúrà. Òjé wà nínú òkúta náà. Àárín ilé ni wọ́n ti ń lọ ọ́, eruku ẹ̀ bá ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lé. Àwọn ọmọdé tó kú ju 400 lọ. Àwọn mìíràn yè é, àmọ́ ojú, etí tàbí ọpọlọ wọn ò bọ̀ sípò mọ́.

Ohun tó fà á ni pé ara èèyàn ò dá òjé mọ̀ dáadáa. Ó máa ń rò pé kálísíọ́ọ̀mù ni, ìyẹn ohun tó ń mú egungun le. Á gbà á wọlé, á kó o pamọ́ sínú egungun, á sì jẹ́ kó dé ọpọlọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ọmọdé máa ń gba òjé tó wọ ikùn sára ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju àgbàlagbà lọ, àti pé kò sí iye kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Kí sì ni ọmọ ọdún méjì máa ń kọ́kọ́ ṣe tí ẹ bá fún un ní nǹkan ìṣeré? Ẹnu ni.

A ti rò pé a máa fi gọ́ọ̀mù àti pákó bò ó. Àmọ́ gọ́ọ̀mù máa ń ṣí, pákó máa ń fọ́, ọmọdé sì máa ń tú nǹkan wò. Ṣé a máa wá ta òjé fún ọmọ ẹlòmíràn ká lè ra oògùn fún ọmọ mẹ́ta? Kò sí bí a ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún Ọlọ́run.

A dá òjé padà. Nígbà tí a sọ ìdí ẹ̀ fún Bàbá, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ọdún mélòó ni mo ti ń fi ọwọ́ yìí jẹ ẹ̀bà?” Láti ọjọ́ náà, ọṣẹ àti kẹ́tùlù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ẹ̀. Ká ní kò sí ohun mìíràn tí iṣẹ́ yìí ṣe, ìyẹn nìkan tẹ́ mi lọ́rùn.

Nọ́ọ̀tì onírin la padà lò. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì la ti rà wọ́n ní kílò, a fọ epo ara wọn dànù, a tò wọ́n sórí pákó ìdí wágọ́ọ̀nù, a wá kan pákó mìíràn bò wọ́n. Irin fẹ́ àyè díẹ̀ ju òjé lọ, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀ ẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó tóbi la mú, èyí tí ọmọdé ò lè gbé mì tó bá já. Wágọ́ọ̀nù náà di gíráàmù 300 àti díẹ̀. A gbé e sórí irin, a fà á, ó gba kọ́nà kọjá wẹ́rẹ́.

Owó tó wọlé yàtọ̀ sí owó àánú

Ìṣirò kan ṣì kù. A ṣe wágọ́ọ̀nù 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irin oparun tirẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ₦1,500 lọ́wọ́ wa, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦45,000. A ta 26 ní ₦5,000, ó jẹ́ ₦130,000. Inú wa dùn, ọ̀kan nínú wa ti ń pariwo pé a ti pa ₦130,000 fún àwọn ọmọ. Rárá o. Ẹ yọ ₦45,000 kúrò. Ẹ tún yọ ₦2,400 tí a fi tún mẹ́fà àkọ́kọ́ ṣe, torí a lọ bá gbogbo àwọn tó rà á nílé, a sì pààrọ̀ táyà fún wọn láì gba nǹkan kan. Ó ku ₦82,600. Iye tí a kọ sínú ìwé nìyẹn, iye tí a san fún ilé oògùn tààrà nìyẹn, a sì fi rìsíìtì han àwọn tó rà á. Ó ra oògùn oṣù díẹ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Àmọ́ nínú oṣù díẹ̀ yẹn, àwọn ìyá mẹ́ta yẹn ò wá owó oògùn kiri.

Ìyá tó ń ta aṣọ, òun gan-an ló tún wá ra méjì sí i.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ so rélùwéè pọ̀ mọ́ àánú. Ní Britain, David Maidment, òṣìṣẹ́ rélùwéè, dá àjọ Railway Children sílẹ̀ ní 1995 lẹ́yìn tó rí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń tọrọ owó ní ibùdókọ̀ rélùwéè ní Bombay. Títí di òní, àjọ náà ń ran àwọn ọmọ tí kò nílé lọ́wọ́. Nílé níbí náà, ẹni tó bá fẹ́ rí bí nǹkan rélùwéè gidi ṣe rí kó tó gé pákó, ó lè lọ sí Jaekel House ní Ebute Metta l'Ékòó. Ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898 ni, wọ́n ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè.

Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ jẹ́ kí ibi tó fẹ̀ lára ìdérí kọjú sínú. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú dá a. Ẹ gbé ìwúwo sísàlẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ kò bá lè fi sẹ́nu ọmọ tiyín, ẹ má fi sínú ohun ìṣeré ọmọ ọlọ́mọ.